Iná Kékeré Inú Ọkọ̀ Màmá Dúpẹ́

Ìgbà kẹta tí Màmá Dúpẹ́ gbé ọkọ̀ rẹ̀ padà wá bá mi, kò bú mi. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá mọ èsì tí mo máa fọ̀. Ṣe ló rọra sọ̀ kalẹ̀, ó fi etí ìborùn rẹ̀ nu eruku ọyẹ́ kúrò lára bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ìgbà tí ìyá ń nu ojú ọmọ, ó wá ní, "Àǹtí Rẹwáyà, iná yẹn tún ti tàn o."

Rẹwáyà ni wọ́n ń pe àwa tá à ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe. Obìnrin tó ń ṣe é kò pọ̀ ní Jos, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń dààmú ara rẹ̀ láti mọ orúkọ tí àwọn òbí mi sọ mí. Ìsọ̀ mi wà ní Bauchi Road, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Bàbá bàbá mi ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ta aṣọ níbí, bàbá mi náà ta aṣọ, èmi ni mo yà bàrá lọ sídìí bátìrì. Màmá mi sunkún fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Lẹ́yìn náà ló gbé rédíò rẹ̀ wá pé kí n bá òun wò ó.

Iná tí Màmá Dúpẹ́ ń sọ ni iná kékeré kan tó máa ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Àwòrán ẹ́ńjìnnì ni, àwọ̀ rẹ̀ sì rí bíi ti ọsàn tó pọ́n. Ohun tó ń sọ ni pé nǹkan kan ò lọ déédéé nínú ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n kò ní sọ nǹkan ọ̀hún. Ó lè jẹ́ ohun ńlá. Ó sì lè jẹ́ pé ọmọrí táǹkì epo ni ẹ ò dé dáadáa. Ọkùnrin kan wá bá mi rí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sunkún, wọ́n ti ní kó lọ ra ẹ́ńjìnnì tuntun. Mo yí ọmọrí táǹkì rẹ̀ títí tó fi dún kà, mo ní kó máa lọ. Nígbà tí iná náà kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó padà wá dì mọ́ mi lójú gbogbo ayé, ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú ọkọ̀.

Ti Màmá Dúpẹ́ kì í ṣe ti ọmọrí táǹkì. Vom ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí àìsàn ẹran ọ̀sìn. Òun ló ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára adìyẹ lọ bá àwọn àgbẹ̀, nínú kúlà tó kún fún yìnyín. Ọkọ̀ pupa yẹn ti lé ní ogún ọdún, ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé ló fi sílẹ̀ fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ọkọ̀ náà wúkọ́ títí ó fi kú sójú ọ̀nà, yìnyín sì ti yọ́ kó tó tún jí. Gbogbo oògùn inú kúlà ló ṣòfò.

"Alhaji kan ń bọ̀ wá wò ó ní Jímọ̀," ló wí. "Ó ní òun á rà á bó ṣe wà. Ó ti rẹ̀ mí. Mo mọ̀ pé o gbìyànjú, ọmọ mi."

Ọjọ́ Ajé nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn, torí mo mọ̀ pé mi ò gbìyànjú tó. Nígbà àkọ́kọ́ tó wá, orí bátìrì ni mo yọ, mo dúró díẹ̀, mo dá a padà, iná sì kú. Idán tá a fi ń dùn mọ́ oníbàárà nínú nìyẹn. Àlàyé tí ọkọ̀ fi pamọ́ nípa àìsàn rẹ̀ máa ń bá iná náà lọ, àwa rẹwáyà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin ó padà wá. Mo wá yọ síkánà mi, ẹ̀rọ kékeré tá à ń kì bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù kó lè sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀. Síkánà ní afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ nínú ẹ́ńjìnnì. Kàkà kí n bi ara mi pé ibo ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, mo ní kí màmá ra sẹ́ńsọ̀ tuntun. Sẹ́ńsọ̀ ni imú ọkọ̀, òun ló ń gbóòórùn èéfín. Mo pààrọ̀ imú fún ẹni tí imú ò dùn.

Síkánà yìí kan náà ló mú mi kúrò lọ́dọ̀ Ọ̀gá Gàníyù, ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́. Ọ̀gá ò ní ẹ̀rọ kankan. Á gbé igi gígùn kan lé ẹ́ńjìnnì, á fi etí ti ìdí rẹ̀, á dijú, á sì dákẹ́ títí ẹ máa rò pé oorun ti gbé e lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọyẹ́ ń jà, irin tútù ń ta mí lọ́wọ́, omijé ń bọ́ lójú mi. Ó ra koko gbígbóná, ẹ̀kọ mímu tí àwọn obìnrin Hausa ń tà láàárọ̀, ó gbé igbá rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Dì í mú ná. Má tíì mu ún." Ọwọ́ mi yá, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn ni mo ra síkánà, mo sì rò pé ayé ti kọjá rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo ń dágbére, mo la ẹnu mi gbòòrò, mo ní, "Ọ̀gá, ayé ti di ayé ẹ̀rọ, etí ò tó mọ́." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ṣàdúrà fún mi. Ẹ̀rín yẹn ń dùn mí dòní.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé náà, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Lamingo. Ọ̀gá ti fiṣẹ́ sílẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì ríran mọ́. Mo bá a níwájú ilé lórí àga, ó kọjú sí ibi tí omi adágún wà lọ́hùn-ún. Ọyẹ́ ti sọ gbogbo nǹkan di funfun, àwọn àpáta dà bí ohun tó ń léfòó, mi ò mọ ibi tí omi parí sí àti ibi tí ojú ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀. Ó ṣe mí bíi kí n jókòó síbẹ̀, kí n má sọ nǹkan kan.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Ọ̀gá. Ẹ káàsán, sà." Mo kúnlẹ̀.

"Haba! Oníkọ̀ǹpútà!" Inú rẹ̀ dùn bí ẹni pé àná ni mo kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, mi ò fi nǹkan kan pamọ́. Ó dijú bó ṣe máa ń dijú. Nígbà tó yá, ó ní, "Ìgbà wo ni ọkọ̀ náà máa ń wúkọ́?"

"Ó kàn máa ń wúkọ́ ni, Ọ̀gá."

"Mo ní ìgbà wo?"

Mo pe Màmá Dúpẹ́ lórí fóònù níbẹ̀, mo bi í. Ó ní, "Àárọ̀ ni. Àárọ̀ nìkan. Tí oòrùn bá ti mú, ṣe lá máa lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́."

"Ẹ ò sọ fún mi, mà."

"O ò bi mí."

Ọ̀gá ti gbọ́. Ó ní, "Abèèrè kì í ṣìnà. Aago mélòó ni ìwọ máa ń dé ìdí iṣẹ́ báyìí?"

Mo dorí kodò. Ní Jos, tí ọyẹ́ bá dé, kò sí mẹkáníìkì tó fẹ́ fọwọ́ kan irin kí oòrùn tó là dáadáa. Ṣe là ń kó jọ sídìí aláàkàrà, nínú súẹ́tà àti fìlà onírun, a ó na ẹsẹ̀ sí iná rẹ̀, a ó máa sọ̀rọ̀ ìjọba títí ara á fi yá. Ọ̀gá nìkan ni kì í bá wọn ṣe bẹ́ẹ̀, èmi náà kò sì ṣe é nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Àmọ́ ní Bauchi Road, mo ti di ọ̀kan lára wọn. Gbogbo ìgbà tí mo yẹ ọkọ̀ Màmá Dúpẹ́ wò, ó ti wà nínú oòrùn fún wákàtí méjì, mẹ́ta. Aláìsàn tí ibà rẹ̀ ti lọ ni mò ń yẹ̀ wò.

"Òtútù máa ń mú kí rọ́bà sún kì," Ọ̀gá wí, "ibi tó bá sán á sì là. Tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, rọ́bà á wú, ojú ibẹ̀ á pa dé. Ẹ̀rọ ẹ ò purọ́. Ó sọ fún ọ pé afẹ́fẹ́ ń wọlé. Ìwọ ni o ò wá ilẹ̀kùn." Ó wá rẹ́rìn-ín sínú. "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà ńkọ́?"

"Kò lè ní àkísà bí àgbà, sà."

"To, ó dáa. Wá mú mi lọ́la kí oòrùn tó yọ. Mú tùràrí dání."

Lamingo náà ni Màmá Dúpẹ́ ń gbé. Nígbà tá a débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ̀ pupa náà wà lábẹ́ igi píà, eruku ọyẹ́ ti bò ó. Ọ̀gá fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bora dé ọrùn. Ó ní kí n gbé ẹ̀yinná sínú agolo mílíìkì ńlá kan, kí n wọ́n tùràrí lé e lórí, kí n sì dé e pa. Ihò méjì ni mo lu sára ọmọrí rẹ̀. Mo fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ sí ọ̀kan, mo fi rọ́bà gígùn sí èkejì, mo ki ẹnu rọ́bà náà bọ inú ẹ́ńjìnnì, mo sì fi ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ọjà dí ojú ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí. Agolo jìnnà sí epo, a ò sì tan ẹ́ńjìnnì rárá. Ibi tí èéfín bá ti jáde ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Kò ná wa ju owó tùràrí lọ.

Màmá Dúpẹ́ jáde pẹ̀lú ife tíì. "Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ fi tùràrí fín ọkọ̀ mi bí ìyàwó tuntun ni?"

"Tá a bá ṣe tán, ẹ̀yin náà ò ní fẹ́ fi í fọ́kọ mìíràn mọ́," Ọ̀gá dá a lóhùn.

Mo rọra ń fẹ́ pọ́ǹpù. Òórùn tùràrí gba gbogbo àgbàlá, dídùn rẹ̀ àti òtútù yẹn jọ dàpọ̀, ó wá dà bíi pé inú àlá la wà, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ki ọwọ́ mi bọ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, irin tútù gbá a mú, kò jọ pé ó fẹ́ fi í sílẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Mo tún fẹ́ pọ́ǹpù.

"Ó ti jáde," Ọ̀gá wí.

Mi ò tíì rí nǹkan kan, òun tí kò ríran ti gbóòórùn pé ibi mìíràn ni èéfín ń gbà bọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Láti abẹ́ họ́ọ̀sì rọ́bà kékeré kan, èéfín tín-ín-rín bí òwú ń gòkè, ó tẹ̀, ó nà, ìtànṣán oòrùn àkọ́kọ́ sì gba inú rẹ̀ kọjá. Mo ti rí àwọn ohun tó rẹwà láyé yìí, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí èyí tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Họ́ọ̀sì náà kò gùn ju ìka ìfábẹ̀lá mi lọ. Mo gé òmíràn nínú àpò mi, mo fi rọ́pò rẹ̀. Àkàrà àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàárọ̀ ọjọ́ náà wọ́n jù ú lọ. Mo wá nawọ́ sí orí bátìrì kí n lè pa iná náà, Ọ̀gá sì gbọ́ tí sípánà mi dún.

"Má pa á. O pa á lẹ́ẹ̀kan, kí lo jèrè? Kí màmá máa wà á láràárọ̀. Tí ọkọ̀ bá rí i pé àìsàn ti lọ, fúnra rẹ̀ á pa iná. Tí kò bá kú, a ò tíì ṣiṣẹ́ nìyẹn."

Ní Ọjọ́rú, ọkọ̀ ò wúkọ́, àmọ́ iná ṣì ń tàn. Ní Ọjọ́bọ̀, ó ṣì ń tàn. Ẹ̀rù bà mí. Mo sùn, mo lá àlá pé iná náà ń dá rìn lórí omi Lamingo, mò ń pè é, kò sì wojú mi.

Ní Jímọ̀, Alhaji ti dé ṣáájú wa. Màmá Dúpẹ́ jókòó sídìí ọkọ̀, Ọ̀gá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú bùláńkẹ́ẹ̀tì, èmi dúró lójú fèrèsé. Màmá yí kọ́kọ́rọ́. Gbogbo iná dáṣíbọ́ọ̀dù tàn, bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe. Ó tún un yí, ẹ́ńjìnnì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, kò wúkọ́. Àwọn iná náà ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ó ṣì wà?" Ọ̀gá bèèrè.

Màmá Dúpẹ́ ló dáhùn. "Kò sí mọ́."

"Ẹ wò ó dáadáa, ìyá."

"Ọ̀gá, kò sí mọ́!" Ó gbé orí lé ọwọ́ ìdarí ọkọ̀. Nígbà tó gbójú sókè, ó sọ fún Alhaji ní Hausa pé kó má bínú, ọkọ̀ náà kì í ṣe títà mọ́. Alhaji tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì náà fún ìgbà díẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín. "Kai! Wallahi, ká ní èmi náà ni, mi ò ní tà á." Màmá gbé kúlà sẹ́yìn ọkọ̀, ó sì lọ sí Vom.

Mo mú Ọ̀gá lọ sídìí oníkoko tó wà ní ìkóríta. Mo ní, "Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ tí mo ń lọ yẹn…"

"Ọ̀rọ̀ wo?" Ó ń wá ọwọ́ mi kiri, ó rí i, ó tutù bí irin. Ó gba igbá tirẹ̀ lọ́wọ́ oníkoko, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Dì í mú ná," ló wí. "Má tíì mu ún."