Iná Tabló Ọkọ̀ Bàbá Mi

Ọkọ̀ náà ti gbó. Ìgbà tí bàbá mi ṣì ń ta abọ́ àti ìkòkò ní ọjà Adjamé Roxy ló rà á, nígbà tí gbogbo wa ṣì wà nílé ẹ̀kọ́. Bó bá ṣí iwájú ọkọ̀ láti tún nǹkan ṣe, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló máa ń dúró tì í. Èmi a wà nídìí ààrò pẹ̀lú ìyá mi. Àwọn ẹ̀gbọ́n ti lọ sókè òkun báyìí, ìyá mi ti kú, ojú bàbá ti ń ṣe bàìbàì. Èmi ni mo ń wa ọkọ̀.

Tabló ló ń yọ mí lẹ́nu, ìyẹn pátákó iwájú awakọ̀ tó ń fi eré àti epo hàn. Àwọn gílóòbù kéékèèké tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti jó tán lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, àfi kí n tan iná fóònù sí i. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ń gbé bàbá bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí ní Adjamé nígbà tí epo tán mọ́ wa láàárín títì. Àwọn gbaka, ọkọ̀ èrò kéékèèké, tò sẹ́yìn wa, wọ́n ń fun fèrè, àwọn tó ń pe èrò sínú wọn sì ń bú mi. Ẹnì kan ló bá wa ra epo wá. Ìgbà tá a dé ilé wa ní Yopougon ni bàbá ní, "Ọmọ mi, jẹ́ ká tà á. Òun náà ti darúgbó."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ó dà bíi pé kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ló ń sọ.

Oníṣẹ́ iná tí mo gbé ọkọ̀ lọ bá ní àfi ká ra odindi tabló mìíràn. Mo dúpẹ́, mo wa ọkọ̀ mi lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo fídíò lórí fóònù, títí mo fi mọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo yọ orí bátìrì, mo jókòó sípò awakọ̀, mo mú irin tí mo fi ń tú sukúrù. Bàbá gbé àga síta, ó jókòó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀.

"Ṣé o mọ bí wàá ṣe dá a padà?"

"Mo ń to sukúrù rẹ̀ sínú abọ́ bí mo ṣe ń tú u, Bàbá."

Ike tó yí tabló ká ló le jù. Mo rò pé ó máa kán. Òógùn ń bọ́ sí mi lójú. Nígbà tó yọ, mo na ọwọ́ sẹ́yìn tabló, mo tú wáyà rẹ̀, mo fà á jáde sórí itan mi. Àwọn gílóòbù náà ò ju hóró àgbàdo lọ. Mo yí ọ̀kan jáde, inú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Inú mi dùn pé ó dúdú, nítorí ibi tí mo fura sí gan-an ni àìsàn wà.

Mo wé e sínú áńkáṣíìfù, mo wọkọ̀ lọ sí Anoumabo, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ àlòkù. Ará Ìsẹ́yìn ni ọkùnrin tó ń tà á.

"Tàǹtí, ẹ ní kí mekaníkì yín wá fúnra rẹ̀," ló wí, "kẹ́ ẹ má baà ra èyí tí ò bá a mu."

"Èmi ni mekaníkì náà."

Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé èmi ò rẹ́rìn-ín, ó gbé páálí sílẹ̀, a jọ ń wá a títí a fi rí irú rẹ̀.

Mo padà délé, mo yí àwọn tí mo rà sínú ihò wọn, mo dá wáyà àti orí bátìrì padà. Mo fi aṣọ ìbora bo gíláàsì iwájú kí inú ọkọ̀ lè ṣókùnkùn, mo sì ní kí bàbá wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo tan iná.

"Apá ọ̀dọ̀ epo ò tàn," ni bàbá wí.

Ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì. Mo tún fà á jáde. Mi ò yí gílóòbù kan dé ìdí ni. Mo tẹ̀ ẹ́, mo yí i, ó dún kẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí gbogbo rẹ̀ tàn, ó mọ́ kedere. Bàbá tẹ orí síwájú, ó fi ìka tọ́ka sí epo.

"Ó kù díẹ̀ kó dé ìlàjì."

Bẹ́ẹ̀ náà ni. Kò yìn mí. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ pe aránṣọ tó jẹ́ aládùúgbò wa, ó ní kó wá wo nǹkan. Ọkùnrin náà yọjú wọ inú ọkọ̀, ó wò ó dáadáa, ó sì kọjú sí mi. "I ni baara," ló wí, bí àwọn Jula ṣe ń kí ènìyàn kú iṣẹ́. Bàbá fi Jula dá a lóhùn pé èmi nìkan ni mo ṣe é, ẹnikẹ́ni ò bá mi fọwọ́ kàn án. Mo tẹrí mọ́lẹ̀, mo ń ṣe bí ẹni ń wá sukúrù nínú abọ́, kí wọ́n má baà rí ojú mi.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, obìnrin kan tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ kó ẹja lọ sọ́jà wá kanlẹ̀kùn. Ó ní iná tabló tòun náà ti kú, wọ́n sì sọ fún òun pé ẹnì kan wà nílé yìí tó mọ̀ ọ́n ṣe. Inú yàrá ni mo wà tí mo ti gbọ́ ohùn bàbá.

"Ọmọ mi obìnrin ni," ló ń sọ. "Jókòó, ó ń bọ̀."