Ẹ̀tù Tó Gbé Wa Dé Àgọ́ Ọlọ́pàá

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́, òmìnira kò tíì pẹ́ púpọ̀ nígbà tí a yanṣẹ́ lódì nítorí sítáàṣì. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Bẹyẹrunkà, n'Ìbàdàn, tó ń ṣe sítáàṣì gbágùúdá fún àwọn oníbisikíìtì. Ìyẹ̀fun rẹ̀ kúnná débi pé ó ń fò kiri yàrá bí ọyẹ́. Ẹ̀tù là ń pè é láàárín ara wa.

Mánijà wa a máa fa ìkòkò tábà wọ ibẹ̀. Lọ́jọ́ kan, iná ìkòkò rẹ̀ ta sí ẹ̀tù, gbogbo afẹ́fẹ́ gbiná, ó sì jó Ràímì, ọ̀kan lára wa tó ń jọ ìyẹ̀fun, lójú àti lọ́wọ́. Mánijà ní Ràímì ló mu sìgá. Ràímì, tí kò fi sìgá kan ẹnu rí, ni wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́! Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun.

"Ẹ dá a padà, kí ẹ sì gbé ìkòkò yín síta," ni mo wí fún mánijà.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé oúnjẹ ló máa bú gbàmù?"

Bí a ṣe da iṣẹ́ sílẹ̀, tí a sì wọ́de gun òkè Mápó nìyẹn. Èmi fúnra mi ni mo kọ pátákó tó tóbi jù: Ẹ̀TÙ KÚN ILÉ IṢẸ́ WA! Ẹ̀tù ìbọn nìkan ni àwọn ará Ìbàdàn mọ̀, wọn ò mọ tiwa. Kí n tó la ẹnu, ọjà ti tú, ọlọ́pàá ti dé.

"Níbo lẹ kó ẹ̀tù ìbọn sí?" ni sájẹ́ńtì bi mí ní àgọ́.

"Sítáàṣì ni, sà. Irú èyí tó mú ṣòkòtò yín dúró gbagidi yẹn."

Ó wo ṣòkòtò rẹ̀, ó wò mí. "Èyí tí ìyàwó mi ń pò yìí?" Mo ròyìn ìkòkò mánijà àti iná tó jó Ràímì fún un. Ó tan àbẹ́là láti dán an wò. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan fún un lára sítáàṣì tó wà nínú àpò mi.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sún sẹ́yìn kí ẹ tó fẹ́ ẹ sí iná."

Kò sún. Ó fẹ́ ẹ, iná sọ gbòlà, ìdajì irunmú rẹ̀ sì lọ.

"Níbo ni mánijà yẹn wà?" ló fi ohùn jẹ́jẹ́ bèèrè.

Lọ́jọ́ kejì, ìkòkò ti wà níta, wọ́n lu fèrèsé méjì sí yàrá náà, Ràímì sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Irunmú sájẹ́ńtì nìkan ni a pàdánù. Àmọ́ mánijà kọ̀ láti pa ohun tó kọ sínú ìwé iṣẹ́ Ràímì rẹ́, pé Ràímì ló mu sìgá. Ó dùn mí títí di òní.

Ilé iṣẹ́ náà ti wó. Ràímì ti darúgbó sí Yemetu, irun ojú rẹ̀ kò sì hù mọ́. Ìgbàkígbà tí mo bá kí i, ìbéèrè kan náà ni:

"Akọ̀wé, sìgá tí n kò mu yẹn, ṣé iná rẹ̀ ti kú?"