Ẹsẹ̀ Àsúmáù àti Iléèwé Rahmah

Ọmọ ìyá kan náà ni Àsúmáù àti Alhaji Làtíìfù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Alhaji ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, síbẹ̀ á gun àtẹ̀gùn flat àbúrò rẹ̀ ní Peckham nílùú òyìnbó láì mí hẹlẹ. Àsúmáù kéré sí i ní ọdún mẹ́fà, ọ̀pá ló fi ń rìn. Àtọ̀gbẹ mú kí wọ́n gé ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì, egbò tó kù ò sì fẹ́ jiná. Kádàrá ni, Alhaji máa ń wí. Kádàrá wo? Iléèwé ni.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Àsúmáù nígbà tí wọ́n yọ ọ́ kúrò ní iléèwé n'Ísẹ́yìn, kó lè máa tọ́jú ìyá àgbà tó dùbúlẹ̀ àìsàn. Wọ́n ní ọdún kan péré ni. Kò padà síbẹ̀ mọ́. Làtíìfù ní tiẹ̀ kàwé débi ọ́fíìsì, orí àga ló jókòó sí títí ó fi fẹ̀yìn tì. Bí dókítà bá fún un lóògùn, á kàwé inú páálí rẹ̀ tán, á tún bi dókítà ní ìbéèrè lórí ìbéèrè. Àbúrò rẹ̀ ń nulẹ̀ ọsibítù ní Camberwell fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ìdúró ló ti ń jẹun. Nígbà tí wọ́n fún un lóògùn àtọ̀gbẹ, ojú tì í láti sọ pé òun ò lè ka ohun tí wọ́n kọ sí i. Ìgbà tí ẹsẹ̀ bá dùn ún nìkan ló ń lò ó.

Ní Sunday kan, Alhaji pe ẹbí jọ. Rahmah, ọmọ-ọmọ Àsúmáù tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ti rí ààyè ní yunifásítì kan ní Leeds, ọ̀nà jíjìn. Alhaji ní kó má tíì lọ, kó dúró máa fọ egbò ìyá àgbà rẹ̀, ọdún kan péré ni. Gbogbo ilé ń mi orí pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ọmọ náà dorí kodò.

"It's fine, Grandma," ló wí. "Uni lè wait."

Àsúmáù gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ba ayé òun jẹ́ ni wọ́n tún gbé dé yìí? Kò ta ko ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ó na ẹsẹ̀ náà síwájú Alhaji, ó tú báńdéèjì rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó dáadáa. Ohun tí ọdún kan ṣe rèé. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, tótó ó ṣe bí òwe. Ẹ̀yin lẹ kàwé, ẹ̀yin lẹ lágbára, ẹ̀yin lẹ máa fọ̀ ọ́. Rahmah ń lọ ní September."

Alhaji ní ọkùnrin lòun. Àsúmáù ò ká ẹsẹ̀ náà kúrò níwájú rẹ̀. Rahmah gbé abọ́ omi lọ́wọ́ọ́wọ́ wá. Alhaji fà á mọ́ra, ó kúnlẹ̀. Kò fọ egbò ẹnikẹ́ni rí.