Obìnrin Tí Mo Ní Kó Má Sunkún

Òórùn èédú ni mo fi ń rántí Ifọ̀. Láwọn ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira, èédú ni ọkọ̀ ojú irin ń jẹ. Èéfín rẹ̀ á wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì wa tó wà lẹ́yìn téṣàn, á sì bà lé aṣọ funfun àwọn akọrin. Obìnrin aránṣọ kan ló máa ń fi ọṣẹ dúdú fọ àwọn aṣọ náà. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè. Èmi jẹ́ tíṣà ní ilé ìwé ìjọ, mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni àlùfáà ń wá, nítorí náà èmi ni mò ń wàásù, èmi náà sì ni àwọn tí ọkàn wọn gbọgbẹ́ ń tọ̀ wá. Ọ̀rẹ́ mi, mo rò pé mo mọ iṣẹ́ náà.

Lọ́dún kan, èèyí jà nílùú. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ méjèèjì tí obìnrin aránṣọ yìí bí kú, ọkùnrin lọ́jọ́ Ajé, obìnrin lọ́jọ́ Ẹtì. Ní ọjọ́ Ìsinmi kẹta lẹ́yìn ìsìnkú, ó wá bá mi nínú yàrá kékeré tí a ń kó ìwé orin sí. Ó kúnlẹ̀.

“Tíṣà, ṣé Ọlọ́run ń bínú sí mi ni?”

“Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, ìyá. Wọ́n ti wà níbi tó sàn ju ayé lọ. Tí ẹ bá ń sunkún, á dà bí ẹni pé ẹ ò gba Ọlọ́run gbọ́. Ẹ má sunkún mọ́.”

“Mo gbọ́, sà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣì wà nínú mi...”

“Ẹ jẹ́ ká gbé e fún Jésù,” ni mo wí, mo sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Agogo ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi ti ń dún, àwọn ọmọ ń pariwo níta, mo fẹ́ tètè parí. Nígbà tí mo ṣe àmín, ó dìde, ó dúpẹ́, ó lọ.

Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò rí omi lójú rẹ̀ mọ́. Mo tilẹ̀ nawọ́ sí i láti orí àga ìwàásù, mo ní kí gbogbo ìjọ wá wo ohun tí ń jẹ́ ìgbàgbọ́. Wọ́n kígbe halelúyà. Òun jókòó síbẹ̀, ó tẹjú mọ́lẹ̀, ojú rẹ̀ gbẹ táútáú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ rẹ̀ wá bá mi nílé ìwé. Ó ní, “Tíṣà, ìyàwó mi ò jẹun, kì í sùn. Tí èmi náà bá ń sunkún àwọn ọmọ wa, á ní kí n dákẹ́, pé ẹ ò fẹ́ bẹ́ẹ̀.” Mo ní kó máa ka Sáàmù fún un láàárọ̀ àti lálẹ́.

Nígbà tó yá, obìnrin náà ò sọ̀rọ̀ mọ́ rárá. Ọkọ rẹ̀ mú un padà sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Ọ̀fàdà. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà mí. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan, mo gun kẹ̀kẹ́ dé etí odò Ògùn, ọlọ́kọ̀ ojú omi gbé èmi àti kẹ̀kẹ́ sọdá, mo sì gba àárín oko ìrẹsì dé ilé bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń fẹ́ ìrẹsì lójúde. Ó kàn nawọ́ sínú ilé ni, kò kí mi. Mo wọlé, mo jókòó ti obìnrin náà lórí ẹní. Mi ò mú Bíbélì jáde.

“Ìyá, ẹ ní ọ̀rọ̀ kan ṣì wà nínú yín lọ́jọ́ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, mo wá gbọ́ ọ.”

Ó wò mí títí. “Tíṣà, mi ò sunkún o.”

Kò sọ nǹkan mìíràn títí oòrùn fi wọ̀.

Ó kú kí òjò àkọ́kọ́ ọdún náà tó rọ̀. Wọn ò rí àìsàn kan pàtó tọ́ka sí. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ ìtùnú níbi ìsìnkú rẹ̀. Mo dìde, mo tún jókòó.

Lẹ́yìn náà, mo di àlùfáà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó ti àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Bí wọ́n bá ń sunkún, mi ò jẹ́ dá wọn lẹ́kun. Jésù alára sunkún lẹ́nu ibojì ọ̀rẹ́ rẹ̀, mo sì ti mọ ẹsẹ náà lórí kí obìnrin yẹn tó wá kúnlẹ̀ níwájú mi. Àwọn ènìyàn ń yìn mí pé mo ní sùúrù, pé mo mọ bí a ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni. Wọn ò mọ ibi tí mo ti kọ́ ọ. Mo ti bẹ Ọlọ́run, mo sì gbà pé ó ti dárí jì mí. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kọ́ ni mo pa lẹ́nu mọ́. Obìnrin yẹn ni, kò sì sí mọ́ kí n bẹ̀ ẹ́.