Ẹran Tí Mo Rí Ojú Ẹ̀

Owó tí mo fi ra kílò kan ẹran elk, àgbọ̀nrín ńlá ilẹ̀ Kánádà, ní ọjà Marlborough lánàá, nígbà èwe mi, á ra páálí ọta ìbọn kan, ṣéńjì á sì kù. Bí ẹran náà ṣe ń ta sánsán nínú ìkòkò, ọ̀sán ọjọ́ kan padà wá bá mi.

Iṣẹ́ epo ti dẹnu kọlẹ̀ ní Calgary, wọ́n ti dá bàbá mi dúró, fíríìsà wa sì ṣófo. Bọ̀dá Délé, ọ̀rẹ́ wọn, ló gbé wa lọ sọ́dẹ. Elk kan dúró lódìkejì pápá, ó kéré bí ewúrẹ́ lójú mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ yìnbọn!" ni Bọ̀dá Délé wí. "Ọ̀ọ́dúnrún mítà ni wọ́n ń yìn ín ní gbangba. Inú igbó nìkan lẹ ti lè rí i ní àádọ́ta."

"Ọmọ ọdẹ ni mí. Mi ò ní yìnbọn sí ẹran tí mi ò rí ojú ẹ̀."

"Ṣé ẹ fẹ́ lọ kí i ni?"

Bàbá mi wọ àárín igi, wọ́n fún imú pọ̀, wọ́n sì ké bí ọdẹ ìlú wa ṣe ń ké pe ẹtu. Bọ̀dá Délé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Elk náà gbórí sókè, ó sì ń bọ̀, títí mo fi gbóòórùn irun ẹ̀ tó tutù. Ìbọn dún lẹ́ẹ̀kan.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ojú bàbá mi kò ríran jìnnà mọ́, àti pé nítorí oúnjẹ wa ni wọn ò ṣe ra awò ojú tuntun.

Bàbá mi ti lọ, Bọ̀dá Délé náà ti lọ. Èmi àti màmá mi ló kù, màmá mi sì ṣì ń fi yangàn: "Elk ló wá bá bàbá yín. Bàbá yín ò lé e."