Àpò Ẹ̀gẹ́ Tó Wà Lódò

Ẹni tó bá ń gbé Àbújá mọ ohun tí ooru oṣù kẹta máa ń fi ojú èèyàn rí. Nílé tèmi, bí ọjọ́ bá ti rọ̀, n kì í wá fáànù kiri. Màá gbé àga ike kan, màá gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde, màá sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò. Odò kékeré ni, ó ń ṣàn lẹ́yìn ẹ́sítéètì wa láàárín Dei-Dei sí Zuba. Àwọn Gbágyí tó ni ilẹ̀ ibẹ̀ ní orúkọ tí wọ́n ń pè é. Mo ti gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà báyìí, n kò bi ẹnikẹ́ni léèrè orúkọ náà rí.

Adùn odò kò ju báyìí lọ: atẹ́gùn tútù, ìró omi láàárín òkúta, lékeléke tó fẹsẹ̀ kan dúró bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe, àti àwọn obìnrin Gbágyí tó ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú igi ìdáná léjìká, nítorí wọn kì í ru ẹrù lórí bíi tiwa. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé láti Garki, tí mo bọ́ bàtà, tí mo ki ẹsẹ̀ bọ omi, gbogbo ohun tí ọ̀gá mi ní báǹkì ń sọ sí mi lójoojúmọ́ á bá omi lọ. Ohun tí mo máa ń sọ nìyẹn bí àwọn ọ̀rẹ́ mi bá ní kí ni mo ń ṣe láàárín ẹ̀fọn. N kì í sọ ti àpò ẹ̀gẹ́ fún wọn.

Lẹ́yìn tí bàbá mi kú, mo lọ mú ìyá mi wá láti ìlú wa lápá Kàbà kí wọ́n wá máa bá mi gbé. Kò sí ohun tó wù wọ́n ní Àbújá. Wọ́n ní ilé mi dà bí ọ́fíìsì. Wọ́n ní àwọn aládùúgbò mi ń kí èèyàn láti inú mọ́tò bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé bọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n gbọ́ ìró omi, wọ́n sì tẹ̀ lé e. Ìgbà tí mo fi máa wá wọn débẹ̀, wọ́n ti ká ìró dé orúnkún, wọ́n jókòó sórí òkúta pẹrẹsẹ kan, wọ́n ń bá obìnrin Gbágyí kan tó wá fọṣọ sọ̀rọ̀. Obìnrin náà kò lè ju ẹgbẹ́ mi lọ.

"Okun o," ni ìyá mi ń wí, bí a ṣe ń kí èèyàn nílé wa.

"Sànnu, Mama," ni ìyẹn ń fi kí wọn padà lédè Haúsá.

Wọn kò gbọ́ èdè ara wọn, àmọ́ ìyá mi ti di etí aṣọ kan mú, ìyẹn di ìkejì mú, wọ́n jọ ń fún un.

Láti ọjọ́ náà ni ara ìyá mi ti yá. Kó tó di pé mo jí lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á ti lọ kí odò, wọ́n á sì ti padà. Wọ́n mọ òkúta tí oòrùn máa ń kọ́kọ́ mú gbóná, wọ́n mọ kòtò tí àwọn ẹja kéékèèké ń sá sí. Wọ́n kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń fi etí mọ̀ pé òjò ti rọ̀ lápá òkè, kí omi tó kún dé ọ̀dọ̀ wa. Èmi tí mo rò pé mo ń jẹ adùn odò, ẹnu ọ̀nà lásán ni mo ti dúró sí láti ọjọ́ yìí.

Nígbà tó yá, fùfú wá ń wù wọ́n. Wọn kò fẹ́ èyí tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá. Bí a ti ń ṣe é nílé wa ni pé a ó bó ẹ̀gẹ́, a ó gé e, a ó kó o sínú àpò ìrẹsì, a ó so ẹnu rẹ̀, a ó wá rì í sódò níbi tí omi kò ti yára, a ó gbé òkúta lé e kó má bàa lọ. Tó bá di ọjọ́ kẹrin, ó ti rọ̀. Àpò bí ogún lè wà lójú omi kan náà, kò sẹ́ni tí yóò gbé ti ẹlòmíì. Aṣọ tí oníkálukú fi so ẹnu àpò rẹ̀ ni a fi ń mọ ẹni tó ni í. Ìyá mi ya etí ìró ànkárá aláwọ̀ ewé kan, ìró tí mo rà fún wọn nígbà tí mo kọ́kọ́ gba iṣẹ́, wọ́n fi so tiwọn. Mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo bá wọn gbé òkúta náà.

Lọ́jọ́ kẹrin, tó jẹ́ Sátidé, wasáàpù ẹ́sítéètì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹnì kan ní nǹkan ń rùn létí odò. Ẹlòmíì ní òun rí àpò kan tí wọ́n dì, tí wọ́n gbé òkúta lé lórí lábẹ́ omi. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá, àpò ẹ̀gẹ́ ìyá mi ti di òkú èèyàn. Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín, kí n tẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. N kò tẹ nǹkan kan.

Ìgbà tí èmi àti ìyá mi máa débẹ̀, àwọn ará ẹ́sítéètì ti pé jọ, wọ́n fọwọ́ bo imú. Abọ́ tí ìyá mi fẹ́ fi kó ẹ̀gẹ́ wọn wà lọ́wọ́ wọn. Mẹ́gádì fi irin fa àpò náà jáde, aṣọ aláwọ̀ ewé ló kọ́kọ́ yọ. Wọ́n tú u, ẹ̀gẹ́ funfun dà sílẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tí a jọ ń kí ara wa ní gbogbo òwúrọ̀ ní, "Which kind bush people be this?" Alága ẹ́sítéètì, ọkùnrin kan tó fẹ́ràn ìmọ́tótó ju oúnjẹ lọ, yíjú sí mi.

"Madam, your back door near pass. Na una get am?"

"No o, Chairman," ni mo wí. "No be our own."

Kì í ṣe pé ẹ̀rù bà mí. Kò sẹ́ni tó máa lù mí. Ìyá mi ló ń tì mí lójú, pẹ̀lú abọ́ wọn, pẹ̀lú ẹsẹ̀ wọn tí kò wọ bàtà. Mo sì rò pé wọn kò gbọ́ ohun tí mo sọ, èmi tí mo mọ̀ pé ogún ọdún ni wọ́n fi ta iṣu fún àwọn onímọ́tò lójú títì, pijin ni wọ́n sì fi ń ná an.

Obìnrin Gbágyí náà wà lápá ìsàlẹ̀, ó ń fọṣọ. Ó wo aṣọ aláwọ̀ ewé náà, ó wo ìyá mi, ó wò mí. Ó dìde.

"Nawa ne," ni ó wí lédè Haúsá. Tèmi ni.

Alága bú u débi tó lè bú èèyàn dé. Ó ní kí mẹ́gádì da ẹ̀gẹ́ náà sígbó. Ó ní òun kò fẹ́ rí obìnrin náà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ létí odò yẹn mọ́. Obìnrin náà kó aṣọ rẹ̀ tí kò tíì gbẹ léjìká, ó lọ. Mo dúró, mo ń wo ilẹ̀.

Èmi àti ìyá mi padà sílé. Wọ́n fọ abọ́ tí kò dọ̀tí, wọ́n dà á dé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Obìnrin yẹn kì í ṣe ọmọ mi o."

Wọ́n wọ yàrá wọn lọ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ wo ilé. Mo sìn wọ́n dé Zuba, níbi tí wọ́n ti máa wọ ọkọ̀. Wọ́n ra ọsàn lọ́jà èso, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, wọ́n gbàdúrà fún mi bí wọ́n ti máa ń ṣe. Àdúrà yẹn dùn mí ju èébú lọ. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń ka èyí ti fẹ́ pa òwe odò tó gbàgbé orísun fún mi. Ẹ má ṣe wàhálà, mo ti pa á fún ara mi.

Àwọn ará ẹ́sítéètì ti fi wáyà dí ọ̀nà tí àwọn Gbágyí ń gbà débi odò. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tèmi wà nínú wáyà náà, nítorí náà mo ṣì ń lọ. Atẹ́gùn ṣì tutù. Òkúta pẹrẹsẹ yẹn, n kì í lè jókòó lórí rẹ̀.

Nígbà tí ooru bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, mo pe ìyá mi lórí fóònù. Mo ní, "Màmá, ẹ wá. Omi ti mọ́."

Wọ́n ní, "Ṣé o ti sọ ẹni tó ni àpò fún wọn?"

"N kò tíì ráyè, Màmá."

"Kò burú. Bí o bá ti ráyè, kí o pè mí."

Ìpàdé ẹ́sítéètì bọ́ sí Sátidé tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n parí, alága béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ṣì ní ọ̀rọ̀. Mo nawọ́. Gbogbo wọn yíjú sí mi, mo dìde, mo la ẹnu, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá wa tún iná ẹnu géètì ṣe, pé ó ti kú láti ọjọ́ mẹ́ta. Alága dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní irú èèyàn tí àdúgbò ń fẹ́ nìyẹn, ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀.