Ẹ̀ẹ̀rùn Tí Éèyi Mú Ọmọ Wa Méjèèjì

Òkè-Bùkún, nílẹ̀ Bùnù, ni mo ti lọ́kọ. Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, fẹ́ tíṣà kan, ó sì bá a lọ sí Èkìtì. Ìlú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí wa, àmọ́ abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni wọ́n wà, tiwa wà lábẹ́ Àríwá. Lọ́dọ̀ wọn, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń tọ́jú ọmọdé.

Àwa méjèèjì bí ọmọbìnrin lọ́dún kan náà. Ẹ̀ẹ̀rùn kan náà ni éèyi sì mú wọn. Ọsibítù kò ju ẹ̀yìn ilé àbúrò mi lọ. Èmi pọn tèmi, ọkọ mi ru omi, a fẹsẹ̀ rìn dé Kàbbà, níbi tí ọsibítù tiwa wà. Disípẹ́ńsà tó ń fúnni lóògùn níbẹ̀ wo ojú ọmọ náà, ó mi orí.

"Ìyá ọmọ, ẹ ti pẹ́ jù."

"Ibo ni ǹ bá gbà tí mi ò fi ní pẹ́?"

Ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n ojú òsì rẹ̀ fọ́.

Nígbà tí àbúrò mi wá kí wa, ọmọ tirẹ̀ ń lé adìyẹ kiri àgbàlá. Tèmi sáré tẹ̀ lé e, ó kọlu odó tí kò rí.

Àbúrò mi gbé ọmọ tirẹ̀, ó nà án sí mi, ó kí mi bí a ti ń kíni nílé wa: "Okun o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ò ní gbé ọmọ yín ni?"

Mo ní èlùbọ́ wà lọ́wọ́ mi. Irọ́ ni. Ìlara ló dè mí lọ́wọ́.

Ó fa ìkunra ojú yọ nínú àpò rẹ̀. "Wọ́n kàn fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ ni."

"Má sọ bẹ́ẹ̀ létí mi mọ́!"

Ó bú sẹ́kún. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní, "Oyún inú yín yìí, ẹ wá bí i lọ́dọ̀ mi."

Ìyá ọkọ mi kọ̀, ó ní a kì í bí ọmọ Bùnù sí ilẹ̀ àlejò. Ọkọ mi bá di ẹrù mi.

Ọmọkùnrin ni mo bí ní ọsibítù ẹ̀yìn ilé àbúrò mi, àlàáfíà ló sì fi dàgbà. Lọ́jọ́ kejì ìbímọ, obìnrin ìlú náà kan tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì ń kùn pé ẹ̀kọ tí wọ́n gbé wá ti tutù. Ó yíjú sí mi:

"Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe lọ́dọ̀ yín?"

Mo gbá ọmọ mi mọ́ra, mo kọjú sí ògiri. Ká ní mo dá a lóhùn pé ìrìn Kàbbà ló fọ́ ojú ọmọ mi lọ́dọ̀ wa, ìjà ni ì bá dà.